Fínígà fún irun gígùn tí a pa láró: mélòó ni kí n pò mọ́ omi, ìgbà wo ni kí n dà á?

ArẹwàPeckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Irun àdánidá ni ìbéèrè mi dá lé, kò gba rìlásà rí. Bí a bá nà án, ó dé àárín ẹ̀yìn. Àwọ̀ pupa bàbà ni wọ́n pa á, dáì tí a ń po mọ́ pẹrọ́sáìdì 20 volume ni wọ́n sì lò. Peckham ní London ni mo ń gbé. Omi ibẹ̀ le gan-an, inú kẹ́tù máa ń funfun kíákíá. Ọṣẹ dúdú ni mo fi ń fọ irun náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹnu irun ń gbẹ, ó sì ń lọ́ mọ́ra wọn débi pé òòyà kì í kọjá. Àwọ̀ pupa yẹn ti ń ṣá, kì í dán mọ́. Wọ́n ní kí n máa da fínígà sí i lẹ́yìn ìfọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dà á, kàkà kí irun rọ̀, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, omi kì í sì í gbé e kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: irú fínígà wo? Ìwọ̀n mélòó sí lítà omi kan? Ṣé kí n dà á ṣáájú kọndíṣọ́nà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù? Àti pé ṣé òótọ́ ni pé fínígà máa ń di dáì mú kí ó má ṣá?

Onídìrí Mókólá

Àbúrò mi, o káàbọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti lílẹ̀ yẹn, torí pé bí a kò bá yanjú rẹ̀, ìyókù kò ní ṣiṣẹ́.

Ọṣẹ rẹ ló ń lẹ̀. Òróró tí a fi omi eérú sè ni ọṣẹ dúdú. Bí ohun kíkan bá kan ọṣẹ tí a kò tíì ṣan kúrò tán, ọṣẹ náà á tú padà di ọ̀rá. Ọ̀rá kì í bá omi lọ, orí irun ló máa jókòó sí. Omi London tún wá dá kún un. Inú òkúta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi yẹn ti ń wá, kálísíọ̀mù sì kún inú rẹ̀. Kálísíọ̀mù yìí máa ń di mọ́ ọṣẹ, wọ́n á jọ di èérí funfun kan, irú èyí tó máa ń yí etí agbada ìwẹ̀ ká. Èérí yẹn wà lára irun rẹ báyìí. Bí o bá da fínígà lù ú, fínígà á mú kálísíọ̀mù kúrò, yóò sì fi ọ̀rá sílẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ ìwọ̀n, kọ́kọ́ bọ́ ohun tó ti dì mọ́ irun kúrò. Wá ṣampú tí wọ́n kọ disodium EDTA tàbí tetrasodium EDTA (èròjà tó ń di kálísíọ̀mù àti irin mú kí omi lè gbé wọn lọ) sí ara rẹ̀ láàárín àwọn èròjà rẹ̀, kì í ṣe ní ìparí pátápátá. Fọ irun pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́jọ́ kan náà. Ti àkọ́kọ́, ṣan án kíá. Ti èkejì, jẹ́ kó wà lórí irun fún ìṣẹ́jú 3 kí o tó ṣan án. Mọ̀ pé yóò gbé dáì díẹ̀ lọ, nítorí náà má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí o bá ti ń gbèrò láti tún irun náà pa láró, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ni ìgbà tó dára jù láti ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, gba ìmọ̀ràn mi, fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ fún irun tí a pa láró. Kò burú fún ara, ṣùgbọ́n pH rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; 7 ni àárín, èyí tó bá kéré sí i ń kan, èyí tó bá jù ú lọ jẹ́ alákálì, òdìkejì kíkan) máa ń wà ní nǹkan bí 9 sí 10, irun tí dáì ti ṣí tẹ́lẹ̀ kò sì lè fara dà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣampú tí kò ní sulfate (èròjà ìfọ̀ tó máa ń le lára irun) ni kí o máa lò. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà láti fi ọṣẹ náà sílẹ̀, yọ́ ṣíbí ìjẹun kan nínú 250 mílílítà omi tí o ti sè tí o sì jẹ́ kó rọlẹ̀, sẹ́ ẹ, fi èyí fọ awọ orí nìkan, má fi ọṣẹ líle pa irun gígùn náà.

Ó wá kan fínígà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 5% acidity sí lára ni kí o rà. Apple cider vinegar àti fínígà funfun, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lórí irun, ìyàtọ̀ owó ni. Bí ti apple náà bá ní èérún tó sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò, fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ ẹ, torí èérún yẹn máa ń há sínú irun dídì. Malt vinegar tí wọ́n ń bù sórí chips lọ́dọ̀ yín, fi í sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Fún irun tí wọ́n ti bó di funfun tàbí wúrà, fínígà funfun nìkan.

Fún irun tìrẹ, po ṣíbí ìjẹun kan, ìyẹn mílílítà 15, mọ́ lítà omi kan. Irun tó dé àárín ẹ̀yìn tó sì kún lè gba lítà kan àbọ̀. Ṣíbí kan àbọ̀ nìyẹn. Má lo ojú wọ̀n ọ́n.

Fọ irun tán, ṣan án títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ kedere, lẹ́yìn náà kí o tún ṣan án fún ìṣẹ́jú 2 sí i. Pín irun sí mẹ́rin. Fún omi kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí irun tí omi kún inú rẹ̀ máa ń bu omi la fínígà kí ó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Tẹ orí sẹ́yìn kí ó má bàa wọ ojú. Láti ìwọ̀n etí lọ sísàlẹ̀ ni kí o ti máa dà á, ẹnu irun ló nílò rẹ̀ jù, awọ orí kò nílò púpọ̀. Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, má fi ọwọ́ ra á. Ìṣẹ́jú kan tó. Méjì ti pọ̀ jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ṣan án, kí o wá fi kọndíṣọ́nà sí i fún ìṣẹ́jú 5. Ìgbà tí kọndíṣọ́nà wà lára rẹ̀ ni kí o fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ya á, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu irun, máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀ kàn ń kó gbogbo ibi tó lọ́ mọ́ra jọ síbi kan ni.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa irun láró, jẹ́ kó pé ọjọ́ 3 kí omi tàbí fínígà tó kàn án.

Kẹ́mísìtì Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Onídìrí ti sọ ojú abẹ níkòó lórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, nítorí pé irọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ló ń mú kí àwọn ènìyàn máa da fínígà lọ́pọ̀lọpọ̀.

Fínígà kì í di dáì mú. Ibi tí èrò náà ti wá ni àwọn tó ń pa irun àgùntàn láró fún híhun: dáì kan wà tí wọ́n ń lò tó jẹ́ pé inú omi kíkan tó gbóná ló ti ń wọ òwú. Dáì orí ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ pò mọ́ pẹrọ́sáìdì, kékeré ni èròjà rẹ̀ nígbà tó ń wọlé. Amóníà inú dáì náà á mú kí irun wú, ìpẹ́ ara rẹ̀ á ṣí, àwọn èròjà kéékèèké yẹn á wọ inú lọ, pẹrọ́sáìdì á sì so wọ́n pọ̀ di ńlá. Títóbi wọn ló há wọn mọ́bẹ̀. Kò sí ohun tí fínígà fẹ́ fi kún ìyẹn.

Kí ló wá ń gbé àwọ̀ lọ? Omi. Gbogbo ìgbà tí irun bá rin gbingbin ló ń wú, tí díẹ̀ nínú dáì á sì yọ́ jáde. Ọṣẹ alákálì ń mú kí ó wú sí i. Omi gbígbóná ń ṣe é. Oòrùn ń fọ́ èròjà dáì fúnra rẹ̀, áyọ́ọ̀nù gbígbóná náà kò gbẹ́yìn. Pupa ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ nínú gbogbo àwọ̀. Bí ẹ bá dín ìfọ̀ kù láti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ 10, ẹ ti ṣe ju ohun tí ìgò fínígà kan lè ṣe lọ.

Ohun tí fínígà ń ṣe gan-an ni pé ó ń dín wíwú yẹn kù, ó sì ń mú èérí kálísíọ̀mù kúrò. Ìpẹ́ ara irun tò léra wọn bíi páànù òrùlé, ẹnu wọn kọjú sísàlẹ̀. Alákálì ń gbé ẹnu wọn sókè. Ohun tó kan díẹ̀ ń mú kí wọ́n sùn padà. Bí wọ́n bá sùn, ìmọ́lẹ̀ á kọ mọ̀nà lára irun, irun kan kò sì ní máa kọ́ ìkejì. Ìdí nìyí tí àwọ̀ fi ń dà bí ẹni pé ó padà wá. Kò padà wá, ó kàn ń dán ni.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Fínígà 5% máa ń wà ní pH bí 2.4. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá da omi lù ú, kíkan rẹ̀ á lọ kíákíá. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún irú ásíìdì yìí. Bí ẹ bá fi omi sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, nǹkan bí ìdajì nọ́ńbà kan péré ni pH rẹ̀ fi ń gòkè. Ìlànà "ìlàjì fínígà, ìlàjì omi" tí wọ́n ń pín kiri ṣì wà ní nǹkan bí 2.6. Ife kan sí ife omi mẹ́rin, bí 2.8. Ṣíbí ìjẹun kan nínú lítà omi tí kò ní ohunkóhun nínú, bí 3.3. Ibi tí a ń wá fún irun tí a pa láró ni 3.5 sí 4.5.

Ẹ wá wò ó: omi líle London fúnra rẹ̀ ní bicarbonate nínú, èyí tó ń jẹ lára ásíìdì náà. Ṣíbí ìjẹun kan yẹn nínú lítà omi London lè bọ́ sí 4.2 tàbí 4.5. Ìwọ̀n tí ẹ̀gbọ́n sọ bá Peckham mu gan-an. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó wà ní Glasgow, tí omi adágún Loch Katrine ń dé ilé rẹ̀, má ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ibẹ̀ rọ̀ púpọ̀, ṣíbí tíì kan sí lítà kan ti tó o. Bákan náà ni Manchester. Ẹni tí omi rẹ̀ rọ̀ ló yẹ kó fi fínígà díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń fi púpọ̀ sí i nítorí pé wọ́n rí i kà níbìkan. Ìwé tí a fi ń wọn pH kò wọ́n. Ẹ ti í bọ inú omi tí ẹ pò, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀.

Bí ó bá kan jù, irun á le, á gbẹ, kọndíṣọ́nà á sì máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìdí èyí ni pé irun tí pẹrọ́sáìdì ti kàn ní àgbára òdì (ti iná mànàmáná) lára, èròjà kọndíṣọ́nà bíi behentrimonium chloride sì ní àgbára rere, wọ́n ń fa ara wọn. Fínígà tó ṣẹ́ kù lára irun máa ń pa àgbára òdì yẹn. Nítorí náà, ẹ ṣan fínígà kúrò dáadáa kí kọndíṣọ́nà tó wọlé, ẹ má sì fi fínígà kẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan péré ni mo yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ọ̀pọ̀ kọndíṣọ́nà òde òní ti kan fúnra wọn, pH wọn wà láàárín 3.5 sí 5; wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fún yín.

Fún àwọn tí dáì wọn kì í ṣe ti pẹrọ́sáìdì, àwọn aláwọ̀ búlúù, pọ́pù àti pupa fòò tí a kàn ń fi ọwọ́ pa sórí irun, ẹ ṣọ́ra. Òde ara irun ni wọ́n wà, díẹ̀ nínú wọn sì máa ń yọ́ nínú omi kíkan. Ẹ gé irun bíi mélòó kan láti abẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fínígà tí ẹ pò fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun. Bí bébà bá gba àwọ̀, ẹ má da fínígà sórí irun yẹn.

ArẹwàPeckham

Ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ti yé mi ìdí tó fi ń lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo tún fẹ́ bi yín fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìkòròdú. Wọ́n ti fi bilíìṣì bó irun tiwọn di àwọ̀ wúrà, ó sì gùn dé èjìká. Omi kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, irun náà sì ti ń di àwọ̀ ọsàn. Ṣé fínígà lè mú un kúrò? Àti pé ṣé wọ́n lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ dípò fínígà, torí òun ló wà nílé?

OmiMímọ́ Ìkòròdú

Ẹ sọ fún àǹtí pé kí wọ́n pọn omi náà sínú báàfù funfun, kí wọ́n jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Bí omi tó mọ́ lálẹ́ bá di pupa rúsúrúsú láàárọ̀, tàbí tí nǹkan bí ìyẹ̀fun pupa bá sùn sí ìsàlẹ̀, irin ló wà nínú omi yẹn. Ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ ní Èkó ló rí bẹ́ẹ̀. Irun tí wọ́n ti bó kún fún ihò, kíá ló ń fa irin mu.

Fínígà kò lágbára tó lórí irin. Ó dára fún kálísíọ̀mù, èyí tí wọn kò ní púpọ̀ rẹ̀ nínú omi bẹ́ẹ̀. Ṣampú EDTA tí wọ́n ti dárúkọ lókè ni wọn yóò lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n sì fi kọndíṣọ́nà tó wúwo tẹ̀lé e. Bí àwọ̀ ọsàn náà bá ṣì kù, á jẹ́ pé bilíìṣì kò gbé e dé ibi tó yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀: ṣampú aláwọ̀ búlúù ló ń pa àwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ pọ́pù sì ń pa yẹ́lò. Àwọn ènìyàn máa ń ra ti pọ́pù fún méjèèjì, owó á lọ, àwọ̀ kò ní yí.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ: bí irin tàbí bàbà bá wà lára irun, wọn kò gbọdọ̀ tún fi pẹrọ́sáìdì kàn án kí wọ́n tó bọ́ ọ kúrò. Irin máa ń sáré mú pẹrọ́sáìdì fọ́ lójijì, irun náà lè gbóná, kí ó sì máa já lọ́wọ́.

Láti dènà á lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n máa fa omi sílẹ̀ láti àná, kí wọ́n dà á láti báàfù kan sí ìkejì bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, kí wọ́n jẹ́ kó tòrò, kí wọ́n sì rọra bu ti òkè. Omi ìkẹyìn tí yóò kan irun, kí ó jẹ́ pure water. Ọ̀rá kan jẹ́ 50cl. Mẹ́ta tó fún irun tó dé èjìká. Omi òjò náà dára, bí páànù ilé kò bá ti dógùn-ún. Bí wọ́n bá wá fẹ́ da fínígà sí i lẹ́yìn gbogbo èyí, ṣíbí tíì kan sínú ọ̀rá pure water méjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi yẹn rọ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́, rárá o. Ìgò fínígà ní 5% lára, ọsàn kò ní nọ́ńbà kankan lára. Ọ̀kan lè kan ju ìkejì lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí omi rẹ̀ bá kan awọ ara tí oòrùn sì pa á, awọ lè bó, kó lé ròrò, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọrùn, etí àti iwájú orí ló sábà máa ń rí i.

Ẹ tún bá mi kìlọ̀ fún wọn lórí ríra. Àwọn tó ń ta kẹ́míkà ní ọjà máa ń ta acetic acid nínú ike. Ìyẹn lè lé ní 90%, ó ń jó awọ, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú. Ìgò tí kò bá kọ ìwọ̀n sí ara, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lórí igbá.

Oníláàlì Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa oníláàlì kún un, torí pé ọ̀pọ̀ ń pe làálì ní dáì kan náà pẹ̀lú ti inú páálí.

Làálì gidi, ewé gbígbẹ tí a lọ̀ tí a kò sì fi ohunkóhun kún, di mọ́ ara irun fúnra rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú sí i fún ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn tí a bá ṣàn án. Ẹ má fi ṣampú tàbí fínígà kàn án láàárín ìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n tí wọ́n sọ fún Peckham lókè kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó ń fi aró ewé lé orí làálì kí irun lè dúdú, ẹ má fi ohun kíkan po aró náà, kò ní mú dáadáa.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni làálì dúdú inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òmíràn ní PPD (èròjà dáì dúdú tó lè bá awọ ara jà) tó pọ̀, òmíràn ní iyọ̀ irin. Fínígà kò lè fọ iyọ̀ irin yẹn kúrò, bẹ́ẹ̀ bí pẹrọ́sáìdì bá kàn án, ewu tí wọ́n sọ lókè nìyẹn. Kí ẹ tó jẹ́ kí sàlúùnù fi dáì páálí lé e, ẹ kó irun tó jábọ́ nínú òòyà jọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú ife gíláàsì pẹ̀lú pẹrọ́sáìdì 20 volume àti amóníà díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bí ife bá gbóná, tí ó bá ń hó, tàbí tí àwọ̀ irun bá yí lójijì, ẹ má ṣe é.

Dàda Ṣómólú

Fún àwọn onídàda tó pa tiwọn láró: ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé po baking soda mọ́ fínígà. Híhó tí ẹ ń rí yẹn, àwọn méjèèjì ló ń pa ara wọn. Ohun tó kù kò kan, kò sì fọ nǹkan kan. Bí soda bá sì pọ̀ jù, pH á ti ju 8 lọ, dáì yín ni ẹ rí tó ń ṣàn lọ nínú báàfù, ẹ wá ń pè é ní ìdọ̀tí. Àwọ̀ omi kọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá dàda ti mọ́.

Fínígà mílílítà 15 sí lítà omi kan, ìṣẹ́jú 2. Dàda máa ń mu omi sínú, nítorí náà ẹ ṣan án pẹ́, ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán, kí ẹ máa fún un. Ẹ fi aṣọ òwú fa omi rẹ̀ jáde, kí ó gbẹ dé inú lọ́jọ́ kan náà. Bí òórùn fínígà bá ń padà wá nígbà tí ẹ bá làágùn, a jẹ́ pé ẹ kò ṣan án tó.

Ẹni tó dirun, tó fẹ́ fọ awọ orí láàárín irun dídì: ṣíbí tíì kan nínú ìlàjì lítà omi, nínú ìgò tí ń fọ́n, kí ó fi omi lásán tẹ̀lé e.

ArẹwàPeckham

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ó ku méjì péré. Ṣé mo lè po ti oṣù kan sílẹ̀, kí n fi òróró olóòórùn dídùn sí i? Awọ orí mi náà sì máa ń yún mi níbì kan, ṣé kí n dà á síbẹ̀?

Onídìrí Mókólá

Àbúrò mi, èyí tí o máa lò lọ́jọ́ yẹn ni kí o pò. Fínígà inú ìgò rẹ̀ kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ti da omi lù kò lágbára láti pa kòkòrò mọ́. Òróró olóòórùn kì í yọ́ nínú omi, orí rẹ̀ ló ń léfòó sí. Ibi tí ó bá ti kọ́kọ́ dà sí lórí rẹ ni gbogbo rẹ̀ á dúró sí, á sì máa ta ọ́. Òórùn fínígà á lọ nígbà tí irun bá gbẹ. Ike tàbí gíláàsì ni kí o ti pò ó, má lo abọ́ alumíníọ̀mù.

Ní ti yíyún, kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnìkan wo ibẹ̀ fún ọ. Bí ó bá yípo róbótó, tí irun ibẹ̀ ń já, ó lè jẹ́ làpálàpá. Fínígà kì í wò ó, oògùn tí a ń gbé mì ni dókítà máa ń fún ènìyàn fún ti orí. Bí egbò bá wà, tàbí tí dáì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ibẹ̀, má jẹ́ kí fínígà kàn án rárá. Bí awọ ibẹ̀ bá wulẹ̀ gbẹ láìsí ọgbẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọṣẹ dúdú yẹn ló ń fà á. Fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí o wò ó bóyá yóò dáwọ́ dúró.

Tí omi fínígà bá ta sí ọ lójú, fi omi tó mọ́ ṣan ojú fún ìṣẹ́jú 15. Má fi ọwọ́ ra á. Bí ó bá ṣì ń ta ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, lọ sí ilé ìwòsàn.